Kí A Tó Sọ Pé Ẹgbẹ́ Wa Ti Kú

Lónìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ní Parakou yìí, bàbá ń sọ ọ́, ìyá ń sọ ọ́, oníṣòwò àti onízémíjàn ń sọ ọ́.

Gbogbo wa mọ Buffles du Borgou. Ẹfọ̀n ni ìtumọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tún wà ní àdúgbò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn kì í gba owó oṣù. Aránṣọ wà nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn, ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe náà wà nínú wọn. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ní òpin ìdíje kan, ó ku eré kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Nílé ni wọn yóò ti gbá a. Bí nǹkan kò bá dára, wọn yóò já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré náà, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan nítòsí ọjà Arzèkè. Mo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo gbọ́ tí kò dùn mọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni èyí: “Ẹgbẹ́ wa ti kú. Èmi kò ní lọ wò wọ́n lọ́la.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn mi orí. Ṣùgbọ́n arábìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ ìwé ní kíláàsì wa. Ó mú ìwé àti bíírò jáde. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ ná.”

Ẹ bá a ṣírò. Ẹni tó bá borí gba àmì 3. Ẹni tó bá ta ọ̀mì gba àmì 1. Ẹni tó bá pàdánù kò gba nǹkan kan. (Ẹ̀yin àgbà lè rántí ìgbà tí ẹni tó borí ń gba àmì 2. Ní ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ lo àmì 3 níbẹ̀.) Ẹgbẹ́ wa ti gbá eré 20. Wọ́n borí ní 6, wọ́n ta ọ̀mì ní 7, wọ́n pàdánù ní 7. 6 lọ́nà 3 jẹ́ 18. Ẹ fi 7 kún un, ó di 25. Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn ní 23. Ṣé ẹni tó ní 25 ti kú? Kò tíì kú. Bí wọ́n bá borí, kò sí ẹni tó lè bá wọn.

Ẹ wò ó, àìṣírò ni ó fẹ́ lé àwọn ènìyàn kúrò ní pápá. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ìròyìn ẹnu nìkan. Ẹ ka tábìlì náà fúnra yín. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ìwé kíkà àti ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ kejì tẹ̀lé e: “Wọ́n ti ta eré náà. Rẹfirí kì í ṣe ẹ̀yà wa.” Ọ̀rọ̀ yìí burú. Bàrìbá, Dẹ́ndì, Fúlàní, Fọ̀n àti Yorùbá ló jọ ń gbé Parakou. Gbogbo wọn ló wà nínú ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú. Bí a bá bú ẹ̀yà rẹfirí, a ti bú ọmọ wa tó wà ní pápá. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Èmi kò sọ pé ìwà àbòsí kò sí nínú bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1982, ní ìlú Gijón ní Sípéènì, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn bá Ọ́stríà gbá. Àlùjéríà ti parí eré tirẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé bí Jámánì bá fi góòlù 1 tàbí 2 borí, àwọn méjèèjì ni yóò tẹ̀síwájú, Àlùjéríà yóò sì lọ sílé. Jámánì jẹ góòlù 1 kí ìṣẹ́jú 11 tó pé. Lẹ́yìn náà, wọ́n kàn ń ti bọ́ọ̀lù sí ara wọn títí eré fi parí. Àwọn ará Àlùjéríà kò ju òkúta. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ FIFA. FIFA kò yí èsì náà padà, ṣùgbọ́n òfin yí padà. Láti ìdíje ọdún 1986, wákàtí kan náà ni wọ́n ń gbá àwọn eré tó gbẹ̀yìn ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó gbé e lọ fún àwọn tó ń darí ìdíje. Ẹni tí kò ní ẹ̀rí, kí ó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, “Bí wọ́n bá rẹ́ wa jẹ lọ́la, òkúta ni yóò fọhùn.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, ní Àkíràà, Hearts of Oak ń bá Asante Kotoko gbá. Hearts ti jẹ 2, Kotoko jẹ 1, eré sì fẹ́ parí. Àwọn kan tí inú ń bí bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìjókòó. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú. Àwọn ènìyàn sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Ènìyàn 126 ló kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju nǹkan kan. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà dá ọlọ́pàá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ọlọ́pàá kò jí òkú dìde.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá àgbà kan di ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí mú. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ mi ni ìwọ yóò jókòó sí lọ́la.”

Ní ọjọ́ kejì, pápá kún. A pariwo, a kọrin, a lu ìlù. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ wa pàdánù, 1 sí òdo. Rẹfirí fún àwọn àlejò ní pẹnáritì tí ọ̀pọ̀ wa kò gbà pé ó tọ́. Ẹnikẹ́ni kò ju òkúta. Àwọn kan ń sunkún. Nígbà náà ni ìròyìn dé pé ẹgbẹ́ kejì ta ọ̀mì níbi tiwọn. Arábìnrin wa tún mú ìwé rẹ̀ jáde: 23 àti 1 jẹ́ 24. Ẹgbẹ́ wa ní 25. A kò já!

Ní ọ̀pọ̀ ìdíje, wọ́n lè yọ àmì kúrò lára ẹgbẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ bá dá ìjà sílẹ̀. Bí wọ́n bá yọ 3 kúrò nínú 25, mélòó ni yóò kù? Òkúta kan ṣoṣo ì bá ti já wa sílẹ̀.

Èrò tèmi nìyí: ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó ṣírò kí ó tó sọ̀rẹ̀tì nù. Kí ó wá ẹ̀rí kí ó tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Kí ó sì pa ọwọ́ rẹ̀ mọ́, bí ọkàn rẹ̀ bá tilẹ̀ gbóná. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ tiwa ni tiwa, ìbáà borí, ìbáà pàdánù. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ rò sí i? Ẹ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì yín.