Ẹni tó ń kó server, kó má gbàgbé ìròyìn òjò

Òjò kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó rọ̀. Aláró tó sá àdìrẹ síta l'Óṣogbo mọ̀ bẹ́ẹ̀, oníṣòwò kòkó tó sá ẹrù rẹ̀ ní Iléṣà náà sì mọ̀ ọ́n. Kòkó gbọ́dọ̀ gbẹ débi pé omi inú rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi 7 nínú 100 lọ. Tí òjò bá pa á, ó lè bu, owó sì ti wọgbó.

Ìdí nìyí tí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ orí fóònù fi di irinṣẹ́ ọjà. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í bi ẹni tó ń bá wọn bójú tó kọ̀ǹpútà: tí wọ́n bá fẹ́ kó server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìsọfúnni wọlé tó sì ń pín in kiri, lọ síbòmíràn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìròyìn òjò?

Àwọn kan nínú àwọn tó ń ta ìsọfúnni yìí, nọ́ńbà àdírẹ́sì server oníbàárà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Tí server bá ṣí lọ sílé tuntun, nọ́ńbà náà yóò yí padà, ilẹ̀kùn yóò sì tì. Èyí tó burú jù ni pé ó lè má pariwo. Àsọtẹ́lẹ̀ àná ni yóò ṣì wà lójú fóònù, tí oníṣòwò yóò máa rò pé ti òní ni.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí kì í fi í ṣeré. Lọ́dún 2022, ECMWF, àjọ tó ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò ní Reading, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Bologna, ní Ítálì. Kí wọ́n tó pa ti àtijọ́, tuntun ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ti dán an wò.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò kékeré náà bèèrè fún nìyẹn. Kí wọ́n fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ ṣáájú. Kí server méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọjọ́ àti aago máa hàn lára àsọtẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má sì kó o ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò àti kòkó ń pàdé. Ẹni tó bá ní owó ilé méjì ti pọ̀ jù, kó fi wé owó àpò kòkó kan tó bu.

Orísun kan ṣoṣo kò sì tó. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Air Peace dá ìrìnàjò bàálù rẹ̀ dúró. Bí ìyẹn bá lè dá bàálù dúró, kí ni ti ẹni tó sá kòkó?

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí server tó kúrò nílé àtijọ́ ni kí oníṣòwò ti bèèrè ọ̀nà tí ìròyìn òjò yóò gbà dé tuntun.