Ẹ Wọn Ipá Gáàsì Kí Ẹ Tó Tan Iná

Ẹ̀yin ará wa ní Abuloma, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé káàkiri Port Harcourt, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan ìyàwó ilé, ó kan baálé, ó sì kan àwọn ọmọ wa tí ń bẹ lókè òkun. Ọ̀rọ̀ sítóòfù gáàsì ni, pàápàá jù lọ èyí tí à ń pè ní tòkunbọ̀.

Láti 1956 tí wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ni gáàsì ti ń bá epo jáde ní agbègbè yìí, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, iná tí ń jó lásán lójú ọ̀run ni púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí. Igi ìdáná àti epo òyìnbó ni a fi ń se oúnjẹ. Ní 2007 ni ilé-iṣẹ́ NLNG tó wà ní Bonny bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì ìdáná ránṣẹ́ sí ọjà ilẹ̀ wa. Lónìí, ilé tí kò ní sílíńdà kò pọ̀ mọ́ láàárín wa. Ohun tó bá sì ti wọ ilé ẹni, ó yẹ kí a mọ ìwà rẹ̀.

Inú sílíńdà, bí omi ni gáàsì yìí rí. Ìgbà tí a bá ṣí ẹnu rẹ̀ ni ó ń di afẹ́fẹ́ tí ó sì ń tì jáde. Ní àkókò ooru, ipá tí ó fi ń tì jáde lè ju ìlọ́po 100 èyí tí sítóòfù ilé ń fẹ́ lọ. Rẹgulétọ̀ tí a fi sí ẹnu sílíńdà ni ó ń bá a wí, tí ó ń sọ ipá ńlá di kékeré. Àwọn baba wa ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá gáàsì mu rẹ́gí.

Báwo ni kékeré náà ṣe mọ? Ẹ wo ara rẹgulétọ̀ ilé, ẹ ó rí i pé wọ́n sábà máa ń kọ 28 tàbí 30 mílíbà sí i. Oníṣẹ́ gáàsì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi omi wọ̀n ọ́n. Yóò mú rọ́bà tín-ín-rín tí ojú ń rí inú rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ kọ bí ìwọ̀, yóò bu omi sí i, yóò sì so ẹnu kan mọ́ ọ̀nà gáàsì. Gáàsì yóò ti omi lulẹ̀ ní apá kan, omi yóò gòkè ní apá kejì. Bí ipá bá jẹ́ 30 mílíbà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín apá méjèèjì yóò tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ó wọ̀n ọ́n: nígbà tí iná ń jó, àti nígbà tí a bá pa á. Bí a bá pa iná tí omi ṣì ń gòkè tí kò dúró, rẹgulétọ̀ náà kò di ẹnu mọ́. Ẹ gbé e sọnù. Bí ó bá sì jẹ́ pé bí a ti tan gbogbo ojú iná ni omi já wálẹ̀ gan-an, ẹ yẹ rọ́bà wò bóyá ó ti ká níbì kan. Ẹ má ṣe gba ẹnikẹ́ni láyè láti tú rẹgulétọ̀ ilé palẹ̀ kí ó lè “fi kún un.” Irú èyí tí àwọn alákàrà àti àwọn tí ń se oúnjẹ òde ń lò, tí ó ní ọwọ́ tí a fi ń yí ipá sókè, kì í ṣe ti sítóòfù ilé rárá.

Ó wá ku ti tòkunbọ̀. Gáàsì tí ń gba inú páìpù wọ ilé ní London kì í ṣe irú ti inú sílíńdà wa. Tiwọn fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, nǹkan bí 20 mílíbà ni ipá rẹ̀. Tiwa wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ooru tí ń bẹ nínú rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì tiwọn lọ. Nítorí náà, ihò tí gáàsì ń gbà yọ lára sítóòfù wọn tóbi ju bí ó ti yẹ fún wa lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn sítóòfù: G20 ni ti inú páìpù, G30 àti G31 ni ti sílíńdà. Bí ó bá jẹ́ G20, kí oníṣẹ́ pààrọ̀ àwọn ihò náà kí ẹ tó so ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Chicago: ẹ̀rọ tí ń mú ilé àwọn ọmọ wa gbóná nígbà òtútù sábà máa ń gba íǹṣì omi 3.5 bí gáàsì bá ti inú páìpù wá, ṣùgbọ́n 10 sí 11 bí ó bá jẹ́ ti sílíńdà.

Iná tó dára a máa kúrú, a sì máa ní àwọ̀ aró. Bí ó bá pọ́n, tí ó ga, tí ó ń pa ìdí ìkòkò dúdú, ẹ pa á. Irú iná bẹ́ẹ̀ lè mú èéfín olóró jáde tí kò ní òórùn, irú èyí tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa ènìyàn lójú oorun. Bí iná bá ń fò kúrò lórí ihò rẹ̀ tí ó ń súfèé, ipá ti pọ̀ jù.

Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi yẹ ìsopọ̀ rọ́bà wò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láé. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tó ń jó, nítorí ilẹ̀ ni gáàsì yìí ń rá mọ́, ẹ̀ta-iná kékeré kan ti tó o.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé ilé ayálégbé, tí yàrá kọjú sí yàrá. Iná tó bá sọ ní ilé ìdáná wa kò ní béèrè ẹni tí ó jẹ́ Yorùbá, ẹni tí ó jẹ́ Okrika tàbí Ìgbò kí ó tó jó o. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti fi sítóòfù ta ìyàwó tuntun lọ́rẹ, ẹ ra rẹgulétọ̀ tuntun àti rọ́bà tuntun mọ́ ọn, kí ẹ sì san owó oníṣẹ́ tí yóò wọ̀n ọ́n.

Kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù yẹ ti ilé rẹ̀ wò.