Dídán Ọkọ̀ Fáíbà Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọjọ́ Méjì

Ọ̀rọ̀ àwọn ará wa tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ni a mú wá lónìí. Ẹ̀yin awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin ará fakitọ́rì, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń wọ ọkọ̀ fáíbà láti Ìkòròdú lọ sí Márínà.

Ní ọgbà kan tí a kò ní dárúkọ, ọ̀gá dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó ní àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí ọkọ̀ mẹ́rin tó ti ṣá máa dán bíi dígí kó tó di ìgbà náà. Kò sí ìbòmú, kò sí ibòji. Oríṣi sánpépà kan péré ló wà nílẹ̀, èyí tó le jù lọ. Ọmọ wa kan gbé e sórí ẹ̀rọ, ó ń fi gbígbẹ ha ọkọ̀. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, okùn gíláàsì ti yọ síta. Wọ́n gé owó rẹ̀ ní ìparí oṣù. Àwa sọ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀.

Oòrùn ló ń jẹ awọ òkè ọkọ̀, tí a ń pè ní gelcoat, títí yóò fi dà bí ẹfun. Ẹ fi àkísà dúdú nù ún, ẹ ó rí ìyẹ̀fun lára rẹ̀. Ìyẹ̀fun yìí ni a ní láti bó kúrò kí dídán tó jáde. Ṣùgbọ́n awọ náà kò nípọn: bí ìdajì mìlímítà ni lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò tó káàdì báńkì. Gbogbo ìgbà tí a bá ha á la ń jẹ nínú rẹ̀, kì í sì í hù padà.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi tí kò níyọ̀ fọ ọkọ̀. Yóò wá dán rọ́bìn wò lójú kékeré kan, irú rọ́bìn tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò. Bí ibẹ̀ bá dán, kò sí ìdí láti fọwọ́ kan sánpépà rárá. Bí kò bá dán ni yóò mú sánpépà olómi, 800 tàbí 1000, kó tó bọ́ sí 1500 àti 2000, lábẹ́ ibòji. Lẹ́yìn náà, rọ́bìn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ̀rọ bá dúró lójú kan, yóò jó awọ náà. Wáàsì ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá kun wáàsì lé ẹfun lórí, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọkọ̀ mẹ́rin kò sì ṣe é fi ẹ̀sọ̀ mú láàárín ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé.

Èyí tó dùn wá jù ni pé rọ́bìn máa ń wọ inú ibi tó là, á sì dí i pa. Ní ẹ̀gbẹ́ irin tí a ń so okùn mọ́, ẹ máa ń rí ìlà tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Ìlà yẹn lè jẹ́ àmì pé inú ti ń rẹ̀. Bí a bá ń kánjú dán an, a ti bo àmì náà mọ́lẹ̀, èrò yóò sì wọlé. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálápá!

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń wí, pé ọkọ̀ tó ṣá ń lé èrò. Òótọ́ ni. Inú tiwa náà ń dùn nígbà tí ọkọ̀ tí a fọwọ́ ara wa tún ṣe bá ń tàn lójú omi. Ṣùgbọ́n eruku gíláàsì ń yún ara, ó ń dá ọ̀fun lóró, kò sì yẹ kí okùn iná wà nínú omi tí a fi ń ha ọkọ̀. Òfin Fakitọ́rì ti ọdún 1987 sọ ọ́ kedere pé agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ pèsè ohun ìdáàbòbò fún òṣìṣẹ́. Kì í ṣe àánú la ń tọrọ.

A óò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹ̀ka: kí wọ́n dá owó ọmọ náà padà, kí wọ́n kọ́ ibòji, kí ìbòmú àti awò ojú wà, kí a sì máa yẹ ọkọ̀ wò fún ibi tó là kí rọ́bìn tó kàn án. Kó tó dìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá gbé sánpépà lé lọ́wọ́ láìsí ìbòmú, kó gbé e kalẹ̀, kó wá pe aṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀.