Ẹ Fi Eré Sílẹ̀ fún Eléré

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi kan nínú, pàápàá àwọn tí a jọ ń jókòó wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí. Ohun tí a ń fi ojú àwọn ọmọ yunifásítì rí lórí eré ìgbà ooru wọn kò dára. Eré náà kì í ṣe ìdíje. Kò ní rẹfirí, kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì ní akọ̀wé tí ń kọ àmì sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń pe ara wọn jọ sínú gbọ̀ngàn eré ní oṣù kẹfà tàbí oṣù keje, nígbà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé. Wọn a pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, ẹni márùn-ún sí ẹni márùn-ún, wọn a sì máa gbá bọ́ọ̀lù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwa àgbàlagbà ti sọ ọ́ di ọjà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Olówó fẹ́ fi wo ohun tí owó rẹ̀ rà. Òǹwòran fẹ́ fi sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí gbogbo wa gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá wo irú eré bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé rúdurùdu lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ń bẹ níbẹ̀, àfi pé a kò kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ fi ẹnu kò lórí iye àmì tí wọn yóò gbá dé, bóyá 7, bóyá 11. Ẹgbẹ́ tí ó bá borí ni yóò dúró sórí pápá. Èyí tí ó pàdánù yóò jáde lọ jókòó títí yóò fi tún kàn án. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe fáwùlù. Bí àríyànjiyàn bá sì le, wọn a ní kí ọ̀kan nínú wọn ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá wọ inú apẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó dúró. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kan tí ọmọ tuntun kan, tí kò tíì lo oṣù méjì ní yunifásítì, pe fáwùlù tí gbogbo wa mọ̀ pé kò ṣẹlẹ̀. Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n ibẹ̀, tí ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní ilẹ̀ òkèèrè, tí ó sì wá lo ìsinmi, kò bá a jiyàn. Ó gbé bọ́ọ̀lù fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó padà sí àyè rẹ̀. Láti ìgbà náà títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ yẹn kò pe fáwùlù mìíràn mọ́, àní nígbà tí wọ́n tì í ṣubú gan-an.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ni yóò kọ́ ọ ní ìyẹn? Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ṣe ni wọ́n ń ti ẹ̀gbẹ́ pápá pàṣẹ fún un: ibi tí yóò dúró sí, ìgbà tí yóò ju bọ́ọ̀lù, ẹni tí yóò gbé e fún. Aago ìṣẹ́jú-àáyá 30 ń kà lókè orí rẹ̀, rẹfirí mẹ́ta sì ń fun fèrè. Ìgbà ooru nìkan ni ó fi ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Nílé lọ́dọ̀ wa, nígbà tí àwọn ọmọdé bá ń ja ìjàkadì lábẹ́ òṣùpá, àwọn bàbá tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbọ́ ariwo wọn. Wọn kì í dìde lọ là wọ́n, àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé eré lásán ni, pé kì í mú èso wá, ẹ̀rí tí mo ní kò jìnnà sí wa, nítorí ọmọ Èkó ni. Ní ọdún 1980 ni Hakeem Olajuwon dé Yunifásítì Houston. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó ti mọ̀ nílé. Àlejò ni ó ṣì jẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Kò gbá nínú ìdíje kankan ní sáà àkọ́kọ́. Ní sáà kejì, ìpíndọ́gba àmì rẹ̀ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8.3. Lẹ́yìn tí Yunifásítì North Carolina lé wọn jáde ní ọdún 1982, ó bi àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ léèrè ohun tí òun lè ṣe kí òun lè máa pẹ́ sí i lórí pápá. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un ni pé kí ó lọ bá Moses Malone gbá bọ́ọ̀lù.

Malone yìí kò lọ sí yunifásítì kankan. Ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni ó ti bọ́ sínú iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ní ọdún 1974. Síbẹ̀, nígbà tí à ń wí yìí, ó ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù lọ ní NBA lẹ́ẹ̀méjì, ní 1979 àti ní 1982. Bí ìgbà ooru bá dé, gbọ̀ngàn Fonde, ní òpópónà Sabine ní ìlú Houston, ni òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ ti ìjọba ìlú ni, kì í ṣe ààfin. Ibẹ̀ ni ọmọ Èkó yìí ti lọ fi ara kan iná. Malone kò ya àwòrán sí ojú pátákó fún un. Èjìká ni ó fi ń kọ́ni. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, 8.3 ti di 13.9, bọ́ọ̀lù tí ó ń gbà sílẹ̀ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ sì ti kúrò ní 6.2, ó ti di 11.4. Houston dé àṣekágbá ní ọdún 1983. North Carolina State ni ó borí wọn, 54 sí 52, ṣùgbọ́n Olajuwon ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pàdánù. Ẹgbẹ́ Rockets mú un ṣáájú gbogbo ẹlòmíràn ní ọdún 1984, ó sì gba ife NBA fún wọn ní 1994 àti 1995. N kò sọ pé Fonde nìkan ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún fúyẹ́, Ẹlẹ́dàá ti ṣe apá tirẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ fi ọ̀nà hàn án, ìyókù sì di ti òun àti Malone.

Lóde òní, wọn ì bá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún 2012 ni NCAA, àjọ tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá yunifásítì, gbà fún akọ́nimọ̀ọ́gbá láti máa bá àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ nígbà ooru, wákàtí 8 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8, tí 2 péré nínú rẹ̀ jẹ́ ti orí pápá. Wọ́n ní yóò jẹ́ kí ọmọ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá túbọ̀ mọ ara wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ń bí mi nínú ni àgàbàgebè tí ó wà nínú ìyókù. Òfin àjọ náà wí pé bí eré bá jẹ́ ti ìfẹ́ inú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orúkọ àwọn tí ó wá lọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹni tí kò wá kò sì gbọdọ̀ jìyà rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé kí oòrùn tó wọ̀, etí ọ̀gá ti gbọ́ orúkọ ẹni tí kò yọjú? Bí ó bá jẹ́ dandan, kí a pè é ní dandan, kí a sì kà á mọ́ wákàtí iṣẹ́ wọn.

Ní ti àwa òǹwòran, ọ̀ràn tiwa burú ju ti akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ, nítorí kò sí òfin kankan tí ó dè wá. Arákùnrin kan jókòó tì mí lọ́dún kan, ó gbé fóònù sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ kan wà lórí pápá tí ó ń fi ọwọ́ òsì dán bọ́ọ̀lù wò. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó máa ń lò. Òsì ni ó wá kọ́. Ó jù ú ní bíi ìgbà mẹ́wàá, kò wọlé. Kí n tó jẹ oúnjẹ alẹ́, àwòrán náà ti kárí ìlú, àwọn ènìyàn sì ti dá a lẹ́jọ́ pé kò wúlò, pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ṣé ọmọ yẹn yóò tún fi ọwọ́ òsì jù ú ní gbangba? Ọwọ́ tí ó ti dá a lójú ni yóò máa lò, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa jẹ́ ọlọ́wọ́ kan títí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa ti wó ògiri ilé lulẹ̀, a ń bínú pé wọn kò tíì wọṣọ tán.

N kò ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Èmi náà ń lọ, n óò sì tún lọ. Òǹwòran a máa pariwo nídìí ayò, a máa bú ọ̀pẹ̀, a máa yin ọ̀ta, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀ bí wọ́n bá ti palẹ̀ ọpọ́n mọ́.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń fi gbá mi lẹ́nu. Wọ́n ní ayé ti yí padà, pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ mọ́. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2021 ni wọ́n ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, àti pé láti oṣù keje ọdún 2025, yunifásítì fúnra rẹ̀ lè san owó fún wọn, tí iye tí ilé ẹ̀kọ́ kan lè san fún gbogbo eléré rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ fi tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là. Mo yọ̀ fún wọn. Ó pẹ́ tí ẹlòmíràn ti ń jẹ èrè iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọdún 2021 kan náà ni wọ́n gbà fún wọn láti kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn láìjókòó sílẹ̀ fún ọdún kan. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù ní oṣù kọkànlá lè jẹ́ àjèjì sí ara wọn ní oṣù kẹfà. Níbo ni wọn yóò ti mọ ẹni tí inú rẹ̀ tètè ń ru, ẹni tí kì í gbé bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì, ẹni tí ó ń sá padà wá dí ọ̀nà nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́, bí kì í bá ṣe nínú eré tí ẹnikẹ́ni kò ká wọn mọ́? Àwọn tí a sanwó fún ni wọ́n nílò rẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ wo ohun tí owó rẹ̀ rà, oṣù kọkànlá kò jìnnà. Rẹfirí yóò wà níbẹ̀ nígbà náà, wọn yóò máa kọ àmì sílẹ̀, wọn yóò sì ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un lẹ́nu ọ̀nà.