Ẹ Má Fi Wúrà Orí Funfun Pa Áàpù Wa

Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó áàpù àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti gbé àmì tuntun jáde: òǹtẹ̀ iléèwé wa, lódindi, ní àwọ̀ wúrà lórí funfun. Wọ́n ní ó gbayì. Wọ́n ní ẹni tó bá ní àtakò kó sọ ọ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Tiwa rèé.

Àmì áàpù kì í ṣe káàdì ìpè ìgbéyàwó. Ẹnu ọ̀nà ni. Ní sáà tó kọjá, wọ́n yí gbọ̀ngàn ìdánwò kan padà, inú áàpù nìkan ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Ọ̀kan nínú wa dúró sínú oòrùn ọ̀sán níwájú gbọ̀ngàn àtijọ́. Bátìrì fóònù rẹ̀ ti fẹ́ tán (iná ò sí ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì láti àná), ó ti dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù, ó ń fi ìka wá áàpù náà sókè sódò, kò rí i. Búlúù ni àmì ìgbà yẹn. Ó há sáàárín búlúù Facebook, búlúù Telegram àti búlúù báǹkì méjì. Ìgbà tó máa fi rí i, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.

Ìgbìmọ̀ gbọ́ ẹjọ́ yẹn, wọ́n sì kúrò nínú búlúù. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ohun tó burú jù ú lọ ni wọ́n bọ́ sí, nítorí wọn ò tíì fi ọ̀nà tí wọ́n gbà mú búlúù sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń dà kọ: búlúù ń fi ìfọkàntán hàn, pupa ń fi ìtara hàn, wúrà ń fi iyì hàn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Funfun jẹ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ní Ṣáínà, ó jẹ́ aṣọ Ọbàtálá nílé wa. Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn The New Yorker ní 2010 pé ojú òun kì í mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, pé búlúù ni òun ń rí dáadáa jù. Ọ̀rọ̀ ojú ló ń sọ o, kò dárúkọ ìfọkàntán.

Ojú ni kí àwa náà bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ méjì ṣe yàtọ̀ síra: 1 ni bí wọn ò bá yàtọ̀ rárá, 21 ni ti dúdú lórí funfun. Ìlànà WCAG 2.1 tí W3C gbé jáde ní 2018 ní kí àwòrán tó ní ìtumọ̀ má dín sí 3. (Ó yọ̀ǹda òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ o, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán kì í yọ̀ǹda ẹnì kankan.) A ṣe ìṣirò wúrà #FFD700 lórí funfun: 1.4 péré. A wá gbé wúrà yẹn kan náà sórí aró dúdú #000080: ó lé ní 11.

Kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì. Àwọn ìyá aláró Abẹ́òkúta ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sórí aṣọ funfun, wọ́n ń rì í bọ inú aró léraléra títí tó fi dú. Àwọ̀ méjì péré, o sì máa dá àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà mọ̀ láti òdìkejì ọjà. Èdè wa gan-an mọ̀ ọ́n: funfun, dúdú àti pupa ní orúkọ tiwọn, ṣùgbọ́n ewé, aró, ìyeyè àti eérú la yá orúkọ lọ́wọ́ wọn fún ìyókù.

Wọ́n á ní òǹtẹ̀ náà dára. Ó dára lára ògiri. Lórí fóònù, kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìwé, ògùṣọ̀ àti ọ̀rọ̀ Látìn inú rẹ̀ á wá di ìdọ̀tí kan ṣoṣo. Láti orí Android 13 ní 2022, onífóònù lè ní kí àwọn àmì tó bá gbà á láyè bọ́ àwọ̀ tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n gbé àwọ̀ àwòrán ẹ̀yìn wọ̀. Lọ́jọ́ náà, ìrísí nìkan ló kù.

Kí wọ́n má sì wo àmì náà lóun nìkan. Ní oṣù kẹwàá 2020, Google tún àmì Gmail, Calendar, Drive àti Meet ṣe, ó fi pupa, búlúù, ìyeyè àti àwọ̀ ewé sára gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹwà. Nígbà tí wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àwọn èèyàn pariwo pé àwọn ń ṣi ọ̀kan tẹ̀ fún èkejì.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀: ìwé ṣíṣí inú òǹtẹ̀ nìkan, ní wúrà, lórí aró dúdú. Kí odindi òǹtẹ̀ wà nínú áàpù, níbi tí àyè wà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, owó yín ni wọ́n fi kọ áàpù yìí, ẹ bá wa bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbé àmì náà jáde sínú oòrùn rí.

Ìpàdé di Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán. A óò kó fóònù olówó pọ́ọ́kú wá, àmì méjèèjì á ti wà lórí wọn. Kí ìgbìmọ̀ bá wa jáde síta, kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí tiwọn.