Ẹ Má Fi Àgbájọ Ọwọ́ Bò Wá Lójú

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. N kò fẹ́ràn oògùn olóró. N kò mu ún, n kò tà á, n kò sì sọ pé kí ìjọba káwọ́ gbera kó máa wo àwọn tó ń tà á. Ohun tí mo fẹ́ bá yín fà lónìí ni ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí a bá jókòó sídìí àríyànjiyàn: pé ìlú tó bá kọ̀ láti bá àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ dá ikọ̀ kan ṣoṣo pọ̀ láti gbógun ti oògùn olóró, ẹ̀yìn àwọn oníṣòwò oògùn ló wà. Wọ́n á ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n á ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Gbogbo ìjókòó á pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Èmi ní kò tíì parí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Texas ní Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti dán kiní yìí wò títí gbogbo ayé fi rí ìdí rẹ̀.

Amarillo ni ìlú tó tóbi jù ní apá òkè Texas tí wọ́n ń pè ní Panhandle. Ìlú yìí àti àwọn káúntì agbègbè náà, nǹkan bíi 26, para pọ̀ ní ikọ̀ kan tó ń gbógun ti oògùn olóró. Káúntì yẹn, ẹ kàn fi wé ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, àfi pé ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀, ṣẹ́rífù sì ni ọ̀gá wọn. Níbí, NDLEA tí òfin ọdún 1989 dá sílẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Kò sí ìlú kan tó ń jókòó láti dìbò bóyá òun á wọ̀ ọ́ tàbí òun ò ní wọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìlú ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé. Amarillo fọwọ́ sí i. Amarillo ni orí ikọ̀ náà, àwọn ọlọ́pàá Amarillo ló sì ń ṣe alábòójútó níbẹ̀.

Owó ńkọ́? Ní ọdún 1988, wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Edward Byrne ní New York. Ọ̀dọ́ ni, ilé ẹlẹ́rìí kan tó fẹ́ tako àwọn oníṣòwò oògùn ló ń ṣọ́ lóru. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ olóògbé náà pè é. Ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ yẹ ní ìrántí, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí owó náà ṣe ń rìn nígbà náà: nínú 100 dọ́là tí ikọ̀ bá fẹ́ ná, ìjọba àpapọ̀ lè gbé 75, kí àwọn ará ibẹ̀ wá 25. Bí ọdún bá yí po, ikọ̀ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ hàn kó tó rí òmíràn gbà. Iṣẹ́ wo? Iye ènìyàn tí wọ́n mú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá wà lórí iye ènìyàn tó kó, ènìyàn ni yóò máa kó. Ikọ̀ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní Texas nígbà náà, wọ́n súnmọ́ 50.

Ní 1998, ṣẹ́rífù káúntì Swisher gba ọkùnrin kan síṣẹ́, Tom Coleman lorúkọ rẹ̀. Abẹ́ ikọ̀ Amarillo ló ti ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọtẹlẹ̀múyẹ́ nílùú kékeré kan tó ń jẹ́ Tulia. Àwọn ará Tulia kò ju nǹkan bí 5,000 lọ. Oṣù 18 ni Coleman fi ń wọlé tó ń jáde láàárín wọn, tó ní òun ń ra kokéènì lọ́wọ́ wọn. Òun nìkan ni o! Kò gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kò ya fídíò. Kò sí ọlọ́pàá kejì tó bá a rí i. Nígbà tí wọ́n bi í pé níbo ló ń kọ àkọsílẹ̀ sí, ó ní orí ẹsẹ̀ òun ni. Ẹ gbọ́ ná: ara ẹsẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ fi rán ọmọ ènìyàn lẹ́wọ̀n!

Ní kùtùkùtù ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1999, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn. Ẹ̀sùn kan ènìyàn 46, aláwọ̀ dúdú sì ni 39 nínú wọn. Ìyẹn tó nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá nínú gbogbo aláwọ̀ dúdú ìlú náà, tọmọdé tàgbà. Wọn kò bá oògùn nílé wọn. Wọn kò bá ìbọn. Wọn kò bá owó rẹpẹtẹ. Irú oníṣòwò kokéènì wo ni kò ní kokéènì, tí kò lówó, tí kò níbọn? Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè bèèrè nìyẹn, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò bèèrè rẹ̀.

Wọ́n sọ baba kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, tó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, sí ẹ̀wọ̀n ọdún 90. Ti ẹlòmíràn ju ọdún 300 lọ. Nígbà tí àwọn tó kù rí i bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sọ pé àwọn jẹ̀bi kí ẹ̀wọ̀n tiwọn lè kéré. Ẹnu Coleman nìkan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ìpínlẹ̀ Texas sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ọlọ́pàá tó ta yọ lọ́dún náà. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Níbí yìí, àgbà òṣìkà gba ẹ̀bùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má sọ pé wọn kò mọ irú ẹni tó jẹ́. Ní 1998 yẹn kan náà, iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìwé àṣẹ dé láti káúntì mìíràn tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, pé kí wọ́n mú un: ó jalè níbẹ̀, ó sì sá lọ pẹ̀lú gbèsè. Ó san owó náà, wọ́n pa ẹ̀sùn rẹ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀sùn olè wà lọ́rùn rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Obìnrin kan fi ìwé báńkì rẹ̀ hàn pé Oklahoma lòun wà lọ́jọ́ tí Coleman ní òun ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan fi káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ hàn pé ẹnu iṣẹ́ lòun wà. Àwọn lọ́yà dìde, Vanita Gupta wà lára wọn, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ òfin. Ní 2003, Adájọ́ Ron Chapman gbọ́ ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀, ó sì ní Coleman kì í ṣe ẹni tí a lè gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n gba bélì 12 nínú àwọn tó ṣì wà lẹ́wọ̀n. Ní oṣù Kẹjọ, Gómìnà Rick Perry dárí ji 35. Ọdún mẹ́rin gbáko! Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti tú, tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ìwé ìdáríjì fẹ́ ṣe fún un? Ní 2005, wọ́n dá Coleman lẹ́bi pé ó búra èké. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni wọ́n ní kó ti máa ṣe é. Kò wọ ẹ̀wọ̀n.

Wàyí o, ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ta ló ni ẹ̀bi? Nínú irú ikọ̀ àjùmọ̀ní bẹ́ẹ̀, ṣẹ́rífù lè ní ikọ̀ ló ń bójú tó ọkùnrin yìí. Ikọ̀ lè ní ṣẹ́rífù ló gbà á síṣẹ́. Ìlú lè ní ọmọ iṣẹ́ òun kọ́. Ìpínlẹ̀ lè ní owó nìkan lòun fún wọn. Nígbà tí iṣẹ́ dára, gbogbo wọn ló wà nínú fọ́tò. Nígbà tí iṣẹ́ bàjẹ́, kò sí ẹnì kan nílé. Àgbájọ ọwọ́ tí wọ́n ń yìn kiri, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ìyìn kárí, ẹ̀bi kò rí ibi dúró sí.

Àwọn ará Tulia kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe Amarillo fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2004, ìlú náà gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là fún wọn, ó sì gbà láti tú ikọ̀ náà ká. Ọlọ́pàá Amarillo méjì tó ṣe alábòójútó Coleman gbà láti fẹ̀yìntì kí àkókò wọn tó pé. Àwọn kan ní owó yẹn ti pọ̀ jù fún ìlú tí kò rán Coleman ní irọ́. Èmi ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Amarillo dúró nísàlẹ̀, ó na ọwọ́, ó gba owó, ó gba iye àwọn tí wọ́n mú, kò bèèrè ibi tí epo ti wá.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ẹnì kan ló bàjẹ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ da gbogbo iṣẹ́ náà nù. Ẹnì kan kẹ̀? Ní ọdún 2000, nílùú Hearne, ní Texas kan náà, ikọ̀ agbègbè mìíràn kó nǹkan bí ènìyàn 28, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù, lórí ọ̀rọ̀ olófòófó kan ṣoṣo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ olófòófó náà dojú rú, ẹjọ́ tú ká. Ìlú méjì, ikọ̀ méjì, ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ti kúrò ní ẹnì kan tó bàjẹ́, bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà gan-an ló bàjẹ́. Texas fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní 2001 wọ́n ṣòfin pé ọ̀rọ̀ olófòófó nìkan kò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ẹjọ́ oògùn, nígbà tó sì di 2006, Gómìnà Perry dá owó Byrne dúró fún àwọn ikọ̀ agbègbè.

Ẹ tún lè ní ọ̀rọ̀ òkèèrè ni, kí ló kàn wá? Ó kàn wá, àwa tí à ń kọ̀wé gan-an. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ilé ẹjọ́ ní Tulia, ìwé ìròyìn ìlú náà ti kọ ọ́ gàdàgbà pé wọ́n ti gbá ìdọ̀tí kúrò ní ìgboro. Ìdọ̀tí! Ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó jókòó ṣe ìgbẹ́jọ́, wọ́n ti ka ìwé ìròyìn yẹn nílé. Àwa náà ńkọ́? Bí wọ́n bá to àwọn ọmọkùnrin kan sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n gbé nǹkan sí iwájú wọn, ṣebí ohun tí à ń sọ ni pé “ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n”? Ta ló bèèrè iye ẹlẹ́rìí? Nínú yàrá wa ní họ́ọ̀sìtẹ́ẹ̀lì, a ti dájọ́ tán kí ìpolówó tó dé.

N kò ní kí ìlú má bá ìlú ṣiṣẹ́. Kí wọ́n máa sọ fún ara wọn ohun tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n jọ wá ẹni tó sá láti ìlú kan sí èkejì, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó bá wọ ilé mi gbọ́dọ̀ ní ìlú kan tó ni ín, tí mo lè pè lẹ́jọ́ bó bá purọ́ mọ́ mi. Nínú wa ni lọ́yà ọ̀la wà, káńsílọ̀ wà, oníròyìn wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá síwájú yín, ẹ bi wọ́n: ta ló gba ọkùnrin yìí síṣẹ́? Ta ló lè lé e? Bó bá purọ́, àpò ta ni owó ìtanràn á ti jáde? Bí wọ́n bá ní “gbogbo wa ni”, ẹ má fọwọ́ sí i.