Ẹ Má Da Àwòrán Tó Bàjẹ́ Nù



Àṣà kan wà láàárín wa tó yẹ kó dópin. Bí ẹgbẹ́ bá ṣèpàdé nínú gbọ̀ngàn, tí àwòrán jáde ní bàìbàì, kíá la óò ti pa á rẹ́. A óò bú ẹni tó yà á, a óò sì máa dáwó fún kámẹ́rà tuntun. A kò fara mọ́ ọn! Táyà tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ọjà tó bàjẹ́ ń sọ ibi tí ẹ̀rọ ti yẹ̀. Àwòrán náà ń sọ̀rọ̀.

Bí ojú olùsọ̀rọ̀ bá hàn ketekete, tí ọwọ́ tó ń jù wá dà bí èéfín, ojú kámẹ́rà ló ṣí pẹ́ jù. Ẹ kúrò lórí nọ́ńbà 30, ẹ lọ sí 125. Bó bá ṣókùnkùn, ẹ gbé ISO dé 1600: àwòrán tó ní hóró bíi gààrí sàn ju èyí tí kò lójú lọ. Bí ìlà dúdú bá là á kọjá, iná funfun gbọọrọ inú gbọ̀ngàn ló ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ dá a padà sí 100. Bí ìjókòó iwájú bá funfun bí ẹfun, tí ẹ̀yìn dúdú bí èédú, fíláàṣì ni. Bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló ń débẹ̀. Ẹ sún mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn!

Àmọ́ àṣìṣe tó burú jù kò sí lára kámẹ́rà. Òun ni kí a ya àwọn olóyè lórí pèpéle ní ogún ìgbà, kí a má ya ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí agbanisíṣẹ́ bá ní ìwọ̀nba èèyàn ló wá, kí la óò fi dá a lóhùn? Ọwọ́ tí a nà sókè láti dìbò kì í dúró de ayàwòrán.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àwòrán lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ẹ dúró lẹ́yìn èrò: ọwọ́ á hàn, ojú kò ní hàn.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí: kí ẹ̀ka wa pa àwòrán tó bàjẹ́ mọ́, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìpàdé, kí ayàwòrán sọ ibi tó dúró sí àti nọ́ńbà tó lò. Títí a ó fi ṣe èyí, kí ẹnikẹ́ni má fi owó ẹgbẹ́ ra kámẹ́rà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí àgbájọ náà hàn.